Ẹ Bi Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ṣé kí n fún ọmọ mi ní oògùn kó lè jókòó jẹ́ẹ́?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú jáde lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ló da gbogbo wọn pọ̀: oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró lójú kan, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Maryland. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wà. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì lè sọ ohun tó ń ṣe ọmọ tí mi ò fojú rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà tí hóró oògùn kan ń gbà kó tó dé ẹnu ọmọ, mo sì mọ ohun tó ń tì í bọ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Houston ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin mi pé ọmọ ọdún márùn-ún ní ọjọ́ 24 oṣù Ògọ́sì, àárín ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kindergarten gan-an. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí tíṣà rẹ̀ kì í kọ̀wé sí mi: kì í jókòó, ó ń já lu ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, kì í parí iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n mú un lọ rí dókítà, pé oògùn lè ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọkọ mi ní ọmọ òun kì í ṣe wèrè, kò ní mu oògùn wèrè, ká fi ránṣẹ́ sí ìyá òun ní Ìbàdàn. Ìyá ọkọ mi ní ẹgba ni ọmọ náà ń wá. Orí mi ti dàrú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Houston

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ọjọ́ ìbí ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ wò nínú lẹ́tà yín. Ní Texas, bíi ti Maryland níbí, ọmọ tó bá máa wọ kindergarten gbọ́dọ̀ ti pé ọdún márùn-ún tó bá fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ ni tiyín pé e. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún tó ṣáájú, tó wà lórí àga kejì, fi bí ọdún kan gbáko jù ú lọ. Ẹni ọgbọ̀n ọdún àti ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọmọ ọdún márùn-ún àti ọmọ ọdún mẹ́fà kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Bí ilé ìwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mo máa ń rí irú wọn: bí wọ́n bá jókòó, ẹsẹ̀ wọn kì í kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò bá sì kan ilẹ̀ á máa fì sókè fì sódò. Tíṣà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́.

Èmi nìkan kọ́ ló rí i. Ní 2018, àwọn oníwádìí láti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó lé ní 400,000. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo ọjọ́ 1 Sẹ̀tẹ́ńbà, nínú 10,000 ọmọ tí wọ́n bí lóṣù Ògọ́sì, bí 85 ni wọ́n ti sọ pé wọ́n ní ADHD. Nínú 10,000 tí wọ́n bí lóṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, bí 64 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oògùn: 53 nínú àwọn ọmọ Ògọ́sì, 40 nínú àwọn ọmọ Sẹ̀tẹ́ńbà. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí kì í lo ọjọ́ yẹn, kò sí ìyàtọ̀ gidi kan láàárín ọmọ oṣù méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ yín sórí bébà, kó wà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń lọ rí dókítà. Ẹ bi í pé, "Ṣé pẹ̀lú ọmọ tó fi ọdún kan jù ú lọ ni wọ́n fi ń wé e?"

Ẹ má bú tíṣà náà o. Mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, mo sì ń rí ẹkún wọn. Òun nìkan, pẹ̀lú ọmọ márùndínlọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọ̀gá sì ń retí máàkì. Láti 2002 tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin pé kí wọ́n máa fi ìdánwò gbé ilé ìwé lórí ìwọ̀n, kí èyí tó bá rẹ̀yìn sì jìyà rẹ̀, kíláàsì ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n pààrọ̀ òfin náà ní 2015, ṣùgbọ́n ìdánwò ò kúrò. Hinshaw àti Scheffler, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tó jẹ́ pé òfin yẹn ló kọ́kọ́ mú irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ dé. Àárín àwọn ọmọ tálákà ibẹ̀ ni iye àwọn tí wọ́n ń sọ pé wọ́n ní ADHD ti gbérí jù, láti 2003 sí 2007. Ọpọlọ àwọn ọmọ náà kò yí padà láàárín ọdún mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ wọn ló yí padà.

Owó tún wà níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ gan-an. Èyí tí wọ́n ń lò jù nínú àwọn oògùn yìí, oríṣi méjì ni: èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin, àti èyí tí ọmọ ń mu lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ tó sì ń gbé e dé ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tó ń lo ti wákàtí mẹ́rin gbọ́dọ̀ wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án. Bí òbí bá mú ìgò rẹ̀ wá, àwa méjèèjì la jọ ń ka hóró inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì mi, a ó sì jọ fọwọ́ síwèé. Tó bá di agogo méjìlá, wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà. Màá bu omi sínú ife bébà kékeré, ọmọ á gbé oògùn mì, á la ẹnu, á gbé ahọ́n sókè kí n rí i pé ó ti lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán padà sílé bí ìyá wọn ṣe dì í, torí oògùn náà máa ń pa ebi. Ọmọ tí inṣọ́ráǹsì òbí rẹ̀ bá lágbára ti mu tirẹ̀ nílé, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àwọn tó ń tò sọ́dọ̀ mi, gbogbo kíláàsì ló mọ̀ wọ́n. Ọmọ ọdún méje kan bi mí rí pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tó jẹ́ àwa nìkan?" Mi ò rí èsì fún un. Mo kàn fi ọwọ́ pa á lórí.

Inṣọ́ráǹsì kan náà tó ń san owó oògùn lójú ẹsẹ̀, bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ẹni tó máa kọ́ òbí àti ọmọ bí wọ́n ṣe ń darí ara wọn, ẹ lè dúró fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Mo ti bá àwọn ìyá pe fóònù títí tí etí wa fi gbóná. Bí wọ́n bá sì rí ẹni náà, ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ló ń gba èèyàn. Ìyá tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ sùn? Ìdí nìyẹn tí hóró oògùn fi máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá ò nífẹ̀ẹ́ ọmọ.

Ti àwọ̀ wa náà ò ṣe é fi pamọ́. Ìwà kan náà, bí ọmọ kan bá hù ú, wọ́n á ní ara rẹ̀ ò yá. Bí ọmọ dúdú bá hù ú, wọ́n á ní olórí kunkun ni. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ka iye rẹ̀ fún ọdún ìwé 2011 sí 2012: àwọn ọmọ dúdú jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n lé lọ sílé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, 48 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi o! Torí náà, bí ọkọ yín bá ń fura sí ilé ìwé, ìfura rẹ̀ ní ìdí.

Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan fún bàbá ọmọ, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ kà á sí i létí. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan ní Ìlá Ọ̀ràngún. Orúkọ tí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n mọ́ ni "Aláìsinmi". Bí wọ́n bá rán an pé kó lọ bu omi, á gbàgbé kọ́ọ̀bù sídìí kànga, á máa lé aláǹgbá. Tíṣà rẹ̀ ń nà án láràárọ̀ bíi pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bàbá wa náà ń nà án lálẹ́. Ó mọ ìṣirò lórí ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n kò lè parí ojú ìwé kan. Ní ọdún kẹta nílé ìwé gíga, ó fi ìwé sílẹ̀. Fọ́kanáísà ni lónìí, ó mọṣẹ́ dunjú, ó sì ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo lọ kí i lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó fi àpá ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé lóòótọ́ ni mo ya òmùgọ̀ ni?" Omi bọ́ lójú mi. Mo ti rí ọmọ tó jọ ọ́ níbí, tó mu oògùn yìí, tó wá bá mi ní ọjọ́ kẹrin láti sọ pé òun ti ka ìwé kan tán, ìwé àkọ́kọ́ láyé òun. Ojú rẹ̀ ń dán. Ẹni tó bá ní gbogbo oògùn yìí ni ẹ̀tàn, kò tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe oògùn wèrè. Ní 1937, dókítà kan tó ń jẹ́ Charles Bradley, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ní Rhode Island, fún wọn ní oògùn kan tó ń jẹ́ Benzedrine, ẹbí oògùn ADHD òde òní, ó rò pé yóò mú orí fífọ́ wọn rọlẹ̀. Orí fífọ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tíṣà ló figbe ta pé àwọn ọmọ kan ti ń jókòó, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn pè é ní oògùn ìṣirò. Ẹ rí i pé inú kíláàsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa béèrè pé ṣé ọmọ ni oògùn náà wà fún, àbí kíláàsì.

Ní báyìí, ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ ọmọ mi. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004 sọ pé ilé ìwé ò gbọ́dọ̀ fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe dandan kí ọmọ tó lè wá sí kíláàsì. Ẹ di èyí mú. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwé, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ ọmọ náà wò, ọ̀fẹ́ ni. Kí dókítà tó sọ pé ADHD ni, àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà, kó sì hàn níbi méjì ó kéré tán, nílé àti nílé ìwé. Fọ́ọ̀mù kan wà fún òbí, òmíràn wà fún tíṣà. Bó bá jẹ́ pé nílé ìwé nìkan ló ti ń fò kiri, tó sì ń jókòó fún wákàtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nídìí ẹni tó ń pàlọ́ fún un, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Ta ló ń gbé e sùn lálẹ́ tí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́? Agogo mélòó ló ń sùn? Ṣé ó ń hanrun? Ọmọdé tí oorun kò tó kì í tòògbé bíi tiwa, ṣe ló ń fò bíi tata.

Ọmọ ọdún márùn-ún sì ni. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ti 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé mẹ́fà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òbí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe oògùn. Bí dókítà bá mú ìwé oògùn jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán an létí. Ní ti Ìbàdàn, bí ẹ bá fẹ́ kó mọ ìyá àgbà rẹ̀, ó dára. Bó bá jẹ́ pé ẹgba ni wọ́n fẹ́ fi wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ẹ̀yìn àbúrò mi.

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí, New Jersey ni mo wà, Ọlọ́run ti ṣe é fún mi. Ọmọbìnrin mi pé mẹ́rìndínlógún, ó ń múra fún SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì níbí. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun kan ń mu Adderall, ọ̀kan lára oògùn ADHD, fi kàwé, pé àwọn míì ní ìwé dókítà tí wọ́n fi ń gba àfikún àkókò nínú ìdánwò. Mo lè san owó àyẹ̀wò náà lápò mi. Ṣé kí n gbà á fún un? — Bàbá tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ta yọ

ÌDÁHÙN

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe é. Ohun tó yẹ kó ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún méjìlá ni ADHD, kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí SAT dé. Ìpele kan náà tí òfin Amẹ́ríkà to oògùn bíi oxycodone, oògùn ìrora líle tó ń di bárakú, sí ni Adderall wà. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fún un ní hóró kan péré, àwọn méjèèjì ti dá ọ̀ràn. Ó lè mú un ṣọ́ òru mọ́jú, kò lè kọ́ ọ ní ìṣirò tí kò kọ́.

Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí hóró yẹn ti ń wá. Ní oṣù Ọ̀kítóbà 2022, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé Adderall ò tó mọ́ lọ́jà. Mo ń wo àwọn ìyá tó ń wakọ̀ láti ilé oògùn kan dé òmíràn, torí dókítà ò lè kọ oògùn yìí kó ní kí wọ́n máa padà wá gbà á. Oṣooṣù ni wọ́n ń wá ìwé tuntun. Ẹni tó ń gba owó wákàtí ni ọ̀pọ̀ wọn, wákàtí tí wọ́n fi wá oògùn kò sówó níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn olówó, àwọn oníwádìí ti rí i pé oògùn náà ń pọ̀ bí ilé ìwé bá wọlé, ó sì ń lọ sílẹ̀ nígbà ọlidé. Oògùn máàkì nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló lè yí ìdáhùn mi padà. Ẹ kó káàdì ìwé rẹ̀ àtijọ́ jáde, láti kíláàsì kejì, kẹta. Bí àwọn tíṣà bá ti ń kọ ọ́ látìgbà náà pé ó gbọ́n ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń lọ, ẹ mú un lọ ní tòótọ́. Nínú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ni wọ́n ti sọ fún pé wọ́n ní in, 8 péré nínú àwọn obìnrin, torí ọmọbìnrin tó bá jókòó jẹ́ẹ́ tó ń wo ojú fèrèsé kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Irú wọn ni wọ́n máa ń gbàgbé.

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mi, ìyá àgbà ni mí ní Ìbàdàn. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà, pé kó wá lo ọdún kan. Oògùn kan tẹ̀ lé e, ó ku bí mẹ́wàá nínú ìgò. Ara ọmọ náà ti ń balẹ̀ díẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kó tán síbẹ̀? — Ìyá àgbà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú, Mà. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ka orúkọ tó wà lára ìgò náà fún yín. Bó bá jẹ́ guanfacine tàbí clonidine, ẹ ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ìfúnpá ọmọ náà lè ru sókè. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù. Bó bá jẹ́ methylphenidate, tí àwọn kan mọ̀ sí Ritalin, ewu yẹn ò sí níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ dókítà ló yẹ kó sọ bó ṣe máa dúró.

Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín dì í sínú àpótí ẹrù ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ methylphenidate, oògùn tí òfin ń ṣọ́ ni. Ẹ mú ọmọ náà lọ sí UCH, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ àti ìwà àwọn ọmọdé. Wọ́n ní àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà dání, kí ìyá rẹ̀ sì fi ìwé dókítà Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sórí fóònù. Kí wọ́n wọn gíga àti ìwọ̀n rẹ̀, torí oògùn tó ń pa ebi lè mú kí ọmọ má tètè ga. Títí tí ẹ máa fi rí wọn, ẹ fún un lóúnjẹ kó tó gbé oògùn àárọ̀ mì.

Mẹ́wàá kì í ṣe nǹkan púpọ̀, Mà. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.